Ẹ Dúró, Sà

Dókítà Oyèkọ́lá ti lo òru kan gbáko ní Dagenham kí ìròyìn tó kan Dárasími pé ó ń bọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Dárasími jókòó sí etí fèrèsé nílé Àǹtí Mọ́níkẹ́ ní Beam Park, ó ń wo bí òjò wínníwínní ṣe ń sẹ̀ sórí àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò láyé ọjọ́un. Ó máa ń rò ó pé bí ilẹ̀ bá ń lá àlá, ilẹ̀ ibẹ̀ á ṣì máa lá àlá irin. Inú èrò bẹ́ẹ̀ ló wà tó fi rántí fóònù tó gbé wá láti ilé, èyí tó ti kú sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ó so ó mọ́ iná mànàmáná. Bó ṣe jí, ohùn Abímbọ́lá, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé, bú jáde láti inú rẹ̀:

“Dárà, Dádì ti wọkọ̀ òfúrufú o! Físà wọn jáde lójijì, wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kó tutù. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n máa dé. Wọ́n ní kó o wá pàdé àwọn lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dagenham Heathway. Má jẹ́ kí wọ́n dúró dè ẹ́ o. Ìwọ náà mọ Dádì.”

Sátidé ti lọ, kò sì sẹ́ni tó lè sáré bá a.

“Mo gbé!” Dárasími figbe ta. “Àǹtí! Àǹtí Mọ́níkẹ́! Mo ti sọ ọ̀gá mi nù!”

Ọ̀gá yìí kì í ṣe ọ̀gá kékeré. Dókítà Oyèkọ́lá, tí gbogbo wọn ń pè ní Dádì, ni olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ nílé-ìwòsàn àwọn ọmọdé tó wà nílùú wọn lápá Ìjẹ̀bú. Bó bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìró bàtà rẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí àwọn nọ́ọ̀sì tún fìlà wọn ṣe. Òun ló yan Dárasími láàárín àwọn dókítà kéékèèké pé kó kọ́ iṣẹ́ akunnilóorun, ìyẹn fífi oògùn mú ọmọ sùn kí abẹ tó kàn án, àti ṣíṣọ́ èémí rẹ̀ títí yóò fi jí. Àǹtí Mọ́níkẹ́ ló sì ń kọ́ ọ, nítorí iṣẹ́ kan náà ni Àǹtí ti ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ pípẹ́. Òun àti àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì mìíràn tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní Barking àti Dagenham ti kó ara wọn jọ. Lọ́dọọdún, wọ́n á fi ìsinmi ara wọn lọ sílé, wọ́n á dúró ti àwọn ará ilé-ìwòsàn náà lẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì gba kọ́bọ̀.

Lọ́dún yìí, wọ́n ní ó tó àkókò kí àwọn ará ilé náà wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́dọ̀ àwọn. Dárasími ló kọ́kọ́ dé. Dókítà Oyèkọ́lá yóò wá lo ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì yóò jọ padà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tí kò ní sí àlejò kankan lẹ́yìn wọn. Bó bá yọrí sí rere, Dókítà Oyèkọ́lá ti ṣèlérí pé Dárasími ni òun yóò fi ṣe olórí ẹ̀ka akunnilóorun. Ipò yìí ni Dárasími ń lá lálàá, lójú oorun àti lójú ṣíṣí.

Ẹni tó fẹ́ ṣe gbogbo èyí fún un ló wá fi sílẹ̀ nínú òtútù.

Kí wọ́n tó rí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, fóònù Àǹtí Mọ́níkẹ́ dún. Clement ni, nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn, tó tún jẹ́ alàgbà ní ìjọ Aládúrà kan nítòsí Heathway.

“Ẹ káàárọ̀ o, ará Beam Park. Ṣé ẹ ò máa wá dókítà kan? Mo rí ọ̀kan he.”

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, Dókítà Oyèkọ́lá ló jókòó sí àga iwájú yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife tíì mú, aṣọ rẹ̀ ti rún, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ojú ẹni tó ti ayẹyẹ bọ̀. Clement dúró tì í nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, ó ń ro ẹjọ́.

“Mò ń bọ̀ láti ibùdókọ̀, mò ń lọ sí ìṣọ́ òru. Bàbá rí sùtánà mi, wọ́n ní, ‘Ẹni Ọlọ́run, ṣé ọmọ Yorùbá ni ẹ́?’ Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Áńgílíkà ni wọ́n o! Àmọ́ ẹ ò rí ijó! Nígbà tí orin gbóná, ìyá ìjọ ní kí wọ́n wá àyè fún wòlíì àlejò.”

Dárasími ti wà lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì. “Ẹ forí jì mí, sà. Àárọ̀ yìí ni mo tó gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán, sà.”

“Dìde, jàre,” ni Dókítà Oyèkọ́lá wí. “Láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó, mi ò jó tó báyìí rí. Orúnkún mi ló yẹ kó o máa bẹ̀, kì í ṣe èmi.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Dárasími náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù bàbá náà sínú mọ́tò, ó mọ̀ pé òun ti gbé ẹrù tirẹ̀ lérí. Báwo lèèyàn ṣe máa já ọ̀gá rẹ̀ jù sílẹ̀ lójú títì ìlú onílùú, tí yóò tún láyà láti la ẹnu sí i lórí ohunkóhun?

Ọ̀rọ̀ kóòtù ló kọ́kọ́ dán an wò.

Aṣọ tí Dókítà Oyèkọ́lá kó wá kò ju èyí tó lè gba ọyẹ́ lọ, òtútù Dagenham sì mú un bí ẹni mú olè. Lọ́jọ́ Ajé, Dárasími mú un lọ sí ilé ìtajà aṣọ àlòkù kan ní Heathway. Bàbá náà rìn láàárín àwọn aṣọ bí ẹni ń yan ẹran, ó sì fa kóòtù aláwọ̀ búlúù kan yọ. Kóòtù náà fún níbi ìbàdí, ó ṣí yẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, òdòdó pupa wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ sì wà ní ọwọ́ òsì. Kóòtù obìnrin ni, kò sí àní-àní.

“Ó bá mi mu, àbí?” ni ó bi í, ó ń yí ara rẹ̀ po níwájú dígí.

Rosemary, òyìnbó arúgbó tó ń ta ọjà, wo Dárasími. Dárasími wo ilẹ̀.

“Ó bá yín mu gan-an, sà.”

Nígbà tí wọ́n délé, Àǹtí Mọ́níkẹ́ rí kóòtù, ó fa Dárasími wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

“Ta ló wọ aṣọ obìnrin fún ẹ̀gbọ́n mi?”

“Àwọn fúnra wọn ni, mà.”

“O sì ń wò wọ́n níran?”

“Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Èmi kẹ̀? Nígbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn ni àgbà wa níbẹ̀, àwọn ló ń fún wa ní ìwé kà. Títí dòní tí mo bá gbọ́ ohùn wọn, mi ò mọ ìgbà tí mo ń dìde.” Àǹtí Mọ́níkẹ́ ṣí ìkòkò, ó tún un dé láìbu nǹkan kan. “Ó sì ń mú wọn móoru. Fi wọ́n sílẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Oyèkọ́lá ṣe di arẹwà ní Dagenham. Ó wọ kóòtù náà lọ sílé-ìwòsàn, ó wọ̀ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, ó wọ̀ ọ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn Aládúrà. Gbogbo ìjọ kí i káàbọ̀, kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun. Ọ̀wọ̀ ni.

Ìdánrawò wọn gan-an, gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Clement ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á to tábìlì pọ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ lé e, wọ́n á sì gbé ọmọlangidi kan sórí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni níṣẹ́ ìwòsàn, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ọmọ tó ń mí. Dókítà Oyèkọ́lá a dúró síbi abẹ, Dárasími a dúró síbi orí ọmọ, Clement a máa na irin iṣẹ́. Àǹtí Mọ́níkẹ́ ló ń ṣe olùkọ́.

“Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ́ yín lónìí,” ni ó wí. “Ìyókù ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá rí ewu, ì báà ṣe ẹni tó ń gbálẹ̀, á sọ pé ‘Dúró.’ Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ì báà ṣe ọba, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kúrò lára ọmọ, á sì gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fara mọ́ ọn?”

“Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn,” ni Dókítà Oyèkọ́lá wí, òótọ́ ló sì ń sọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Dárasími fi rọ́bà sí ọ̀nà èémí ọmọlangidi. Àǹtí Mọ́níkẹ́ tẹ nǹkan kan lábẹ́ tábìlì, àyà ọmọ kò lọ sókè mọ́. Dókítà Oyèkọ́lá, tí wọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé kó ṣe bí ẹni tí kò rí i, gbé abẹ. Dárasími rí i. Ó la ẹnu.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́ o, sà, èwo ni tèmi níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ráyè, bóyá kí a kàn jọ wò ó, sà, bóyá—”

“Ó ti kú,” ni Àǹtí Mọ́níkẹ́ wí.

“Háà!”

“O ṣì ń kí wọn kú iṣẹ́ lọ́wọ́ ló gbẹ́mìí mì.”

Wọ́n tún un ṣe, ọmọ tún kú. Lọ́tẹ̀ yìí, orí “Ẹ jọ̀ọ́, sà” ló wà. Wọ́n tún un ṣe. Dárasími kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, nígbà tó fi máa dìde, ilẹ̀ ti mọ́. Clement wo ọmọlangidi náà tàánútàánú.

“Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní Kòkúmọ́,” ni ó wí. “Bóyá ó máa jókòó tì wá.”

Kòkúmọ́ náà kú. Dókítà Oyèkọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Dárà, ọmọ mi, sọ ọ́ fún mi! Kí ni mo máa fi ẹ́ ṣe? Mi ò ní jẹ ẹ́.”

“Gbọ́,” ni Àǹtí Mọ́níkẹ́ wí, ó gbá Dárasími léjìká mú. “Mi ò ní kó o ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo fún ẹ ní ‘ẹ,’ mo fún ẹ ní ‘sà.’ Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó wà láàárín wọn. Ẹ dúró, sà. Ó tán. Tí ọmọ bá ti ń mí padà, kó o wá kúnlẹ̀ kí wọn dọ̀la.”

Nígbà tí Clement dúró síbi abẹ, Dárasími sọ ọ́ wẹ́rẹ́, Clement sì gbé ọwọ́ sókè bí olè tí ọlọ́pàá ká mọ́. Àmọ́ bí Dókítà Oyèkọ́lá bá ti padà síbẹ̀, “Ẹ kú iṣẹ́, sà” ló tún máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, nílé-ìwòsàn tí Àǹtí Mọ́níkẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, Dárasími rí ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Eden, tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, tó sọ fún oníṣẹ́ abẹ onírùngbọ̀n kan pé kó dúró. Ọkùnrin náà dúró. Òrùlé kò wó. Wọ́n yanjú ohun tí wọ́n fẹ́ yanjú, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Dárasími wò wọ́n bí ẹni ń wo ìyanu. Ó rò ó pé ó rọrùn fún Eden, tí ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ láti kékeré pé ẹnu ọmọdé kì í gbé iwájú àgbà.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣíwájú Sátidé tí wọ́n máa padà sílé ni fídíò Abímbọ́lá dé.

“Ẹ wo ọmọ wa o!” ni Abímbọ́lá ń sọ nínú rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. “Sámúẹ́lì ti ń múra!”

Sámúẹ́lì ni ọmọ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ Ajé. Ètè òkè rẹ̀ là láti inú oyún, wọ́n sì fẹ́ rán an pọ̀. Ọmọ náà sanra, ó lẹ́rìn-ín, ó ń na ọwọ́ sí fóònù. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin ń fi ọ̀pá gúnlẹ̀, wọ́n ń ta àtíbàbà sí iwájú ilé-ìwòsàn, torí Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ ìlú tó fẹ́ dá iṣẹ́ ṣe. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń fun fèrè ti ń dánra wò.

Dárasími ò wo àtíbàbà. Ó gbé fóònù sétí. Lábẹ́ ìró fèrè, lábẹ́ ẹ̀rín Abímbọ́lá, ó gbọ́ nǹkan mìíràn: àyà ọmọ náà ń hó bí ìkòkò orí iná. Ó tún un gbọ́. Ó pe Abímbọ́lá.

“Ó ń wúkọ́ ni?”

“Láti àná. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní kò mu ọmú dáadáa lóru. Àmọ́ mo ti sọ fún Dádì, wọ́n ní ọ̀fìnkìn lásán ni, ká máa bá ètò lọ.”

Dárasími jókòó sórí ibùsùn. Ọ̀fìnkìn lásán ni lójú ẹni tó ń rán ètè. Lójú ẹni tó ń ṣọ́ èémí, kì í ṣe lásán. Ọmọ tí àyà rẹ̀ ń hó báyẹn, bí a bá fi oògùn mú un sùn, ọ̀nà èémí rẹ̀ lè pa dé lójijì, kí gbogbo ayé máa fun fèrè níta. Ètè tó là kì í sá lọ. Ó lè dúró títí àyà á fi mọ́.

Ó bá Àǹtí Mọ́níkẹ́ níbi tó ti ń ká aṣọ. Àǹtí fi fídíò náà sétí, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“O gbọ́ ọ dáadáa. Kò yẹ kí wọ́n kun ọmọ yìí lóorun lọ́jọ́ Ajé.”

“Ẹ ṣeun, mà. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn.”

“Rárá.”

“Àǹtí!”

“Lọ́jọ́ Ajé, níbo ni mo máa wà? Màá wà ní Heathway, màá máa ra ata. Ta ló máa dúró síbi orí Sámúẹ́lì?”

“Èmi ni, mà.”

“Tó bá jẹ́ èmi ni mo bá ẹ sọ tòní, ta ló máa bá ẹ sọ tọ̀la?” Ó ju àdìmọ́ ìbọ̀sẹ̀ kan lù ú láyà pẹ̀lẹ́. “Ìdí tí a fi ń wá sílé lọ́dọọdún ni pé kí ẹ má nílò wa mọ́ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ náà ló dé yìí.”

Dárasími jáde lọ bá Clement ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti hùmọ̀ ọgbọ́n kan lójú ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ ròyìn fídíò náà fún un.

“Alàgbà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ mọ̀ pé Dádì fẹ́ràn àdúrà yín. Ẹ kàn pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ní ẹ ríran. Ẹ ní Ẹ̀mí ní kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ ọjọ́ Ajé síwájú.”

Clement tẹjú mọ́ ọn, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di àga mú.

“Sístà Dárà! Ẹ fẹ́ kí n purọ́ mọ́ Ẹ̀mí Mímọ́ nítorí ẹ̀ ń bẹ̀rù dókítà?”

“Kì í ṣe irọ́, òótọ́ ni ọmọ náà ń wúkọ́!”

“Ẹ̀mí ò bá wa wo fídíò náà. Ẹ̀yin lẹ wò ó.” Ó nu ojú. “Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n gbàdúrà kí ẹnu yín là. Ẹ kúnlẹ̀.”

Ó kúnlẹ̀. Clement gbàdúrà kúkúrú kan, kò sì rí ìran kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Dókítà Oyèkọ́lá ní kí Dárasími bá òun lọ sí Heathway fún ìgbà ìkẹyìn, kí òun ra bisikíìtì fún àwọn nọ́ọ̀sì. Oòrùn yọ díẹ̀, ìwọ̀nba oòrùn tí wọ́n ń rí níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń rìn bí ẹni pé ọdún ti dé. Bàbá náà ń lọ níwájú nínú kóòtù búlúù rẹ̀, ìdí kóòtù ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Wọ́n yà sí ilé oúnjẹ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Wọ́n gbé ẹja díndín àti ọ̀dùnkún wá fún un, ó gbé tíì fún Dárasími.

Dárasími ti pinnu. Gbogbo òru ló fi to ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Ó gbé ife sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì wo ọ̀gá rẹ̀ lójú.

“Sà, mo ní ọ̀rọ̀ kan, sà.”

“Mò ń gbọ́.”

Ó la ẹnu, ẹnu rẹ̀ sì gba ọ̀nà tó wù ú.

“Kóòtù yín, sà. Ti obìnrin ni.”

Dókítà Oyèkọ́lá wo àyà ara rẹ̀. Ó wo bọ́tìnnì. Ó ṣí kóòtù díẹ̀, ó wo òdòdó pupa inú rẹ̀.

“Abájọ!” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Abájọ tí obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì fi bi mí pé níbo ni mo ti rà á! Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti ibi tí ẹ ti rà á, sà.”

“Mọ́níkẹ́ ńkọ́?”

“Wọ́n mọ̀, sà.”

“Clement?”

“Gbogbo ìjọ ló mọ̀, sà.”

“Ẹ kú ọ̀wọ̀ o!” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu tábìlì, àwọn tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yíjú, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. “Ó dáa. Ìyàwó mi ló ni ín. Tí mo bá délé, màá ní mo ti ń bá a wọ̀ ọ́ kó lè rọ̀. Ọmọ dáadáa ni ẹ́, Dárà. Àwọn tó kù ì bá jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ wọ ààfin.”

Dárasími rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ bà jẹ́. Ìkúùkù tó fẹ́ fi lu ilẹ̀kùn ló fi pa eṣinṣin. Sámúẹ́lì ṣì wà lọ́hùn-ún, àyà rẹ̀ ṣì ń hó, wọ́n sì ti ta àtíbàbà tán.

Fóònù Dókítà Oyèkọ́lá dún lórí tábìlì. Ó tẹ̀ síwájú wò ó.

“Akọ̀wé Kọmíṣọ́nnà ni. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ Ajé dájú.” Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ bébà, ó na ọwọ́ sí fóònù. “Jẹ́ kí n fọkàn wọn balẹ̀.”

“Ẹ dúró, sà.”

Kò pariwo. Àmọ́ ọwọ́ Dókítà Oyèkọ́lá ti lọ sókè, méjèèjì, bébà wà ní ọ̀kan, fọ́ọ̀kì tó gún ọ̀dùnkún sì wà ní èkejì. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé wọn. Lẹ́yìn náà ó wo Dárasími. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì sọ ọwọ́ náà sílẹ̀. Fóònù ń dún láàárín wọn.

Orúnkún Dárasími fẹ́ wá ilẹ̀. Ó fi wọ́n mọ́ ara wọn lábẹ́ tábìlì. Ó rí ipò tó ń lá lálàá rẹ̀ bó ṣe ń kọjá lọ lójú fèrèsé bí bọ́ọ̀sì tí kò dúró, ó sì jẹ́ kó máa lọ.

“Àyà Sámúẹ́lì kò mọ́, sà. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Tó bá sàn, tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì kọjá lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni màá dúró síbi orí rẹ̀, inú mi á sì dùn. Ṣùgbọ́n mi ò ní kun ún lóorun lọ́jọ́ Ajé.”